Ìpàdé Ẹlẹ́ni Mẹ́rin ní Yàrá Kẹta

Wínípẹ́ẹ̀gì, oṣù kejì. Odò Réèdì ti gan pa,
bàtà onírin ń gbé èèyàn sáré lórí omi.
Àwa mẹ́rin yí tábìlì kan ká nílé ìkàwé.
Olùkọ́ ní ká lọ wádìí:
kí ni akọ̀wé lè ṣe jẹun nílùú yìí?
Ìjábọ̀ ogún ojú ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.
Ẹni mẹ́rin, máàkì kan ṣoṣo.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, mo mọ̀,
ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni yóò kọ́kọ́ kan bébà?

Rowena fa ilà sójú pátákó funfun:
ta ni, kí ni, ọ̀dọ̀ ta ni, ọjọ́ wo.
Bohdan mú àwọn tó ń kọ ìwé ìlànà ẹ̀rọ ìkórè,
nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ta katakata ní Brandon.
Delphine mú àwọn tó ń kọ̀wé tọrọ owó fún ẹgbẹ́ aláàánú.
"Màmá mi kọ ọ́ fọ́dún mọ́kànlá," ló wí,
"wọn ò san kọ́bọ̀. Mo fẹ́ mọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́."
Yàrá dákẹ́ díẹ̀.
Rowena mú ìwé pélébé inú páálí oògùn:
ta ló jókòó tó pinnu pé "lẹ́yìn oúnjẹ" ti tó,
láìsọ irú oúnjẹ?
Ó ku èmi.

Mo ti kọ ìròyìn rí, ọdún mẹ́sàn-án, l'Óṣogbo.
Orúkọ mi a máa sùn sábẹ́ àkọlé
bí ọmọ tó sá òjò sábẹ́ ìgbátí ilé.
Níbí, fọ́ọ̀mù ni mo ń kọ.
Mo ní, ẹ jẹ́ kí n wá àwọn tó ń bá ẹlòmíràn kọ lẹ́tà.
Bohdan gbójú sókè: "Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?"

Bàbá mi nìyẹn. N ò sọ.
Ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, ní Ìlá,
tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, ìgò tàdáwà méjì.
Ṣílè kan fún iwájú bébà, sísì fún ẹ̀yìn;
ẹkún tí oníbàárà bá sun, kò wọ owó.
Ọkọ kan wà ní Kúmásí tó gba ìpẹ̀ ìyàwó rẹ̀
nínú gbólóhùn bàbá mi, ó sì palẹ̀ ẹrù mọ́, ó wálé.
Ta ló kọ ọ́? Ìyàwó ni. Bàbá mi ni.
Àjùmọ̀ṣe wo ló tún jùyẹn lọ?

Rowena kọ orúkọ mi láìfi àmì kankan sí i,
ó wá fi àmì ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ mi.
Mo dìde, mo nu àmì ìbéèrè kúrò,
mo kó àmì ohùn lé orúkọ mi lórí, mo jókòó.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Bohdan ò yọjú.
Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò gbé fóònù.
Rowena ti iṣẹ́ òru dé, ó sùn lé ètò wa lórí,
nígbà tó yíjú, "Ọjọ́bọ̀" ti tẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ ewé.
Èmi ti rí ẹni tèmi: Tesfalem, ará Asmara,
tó ń kọ lẹ́tà fáwọn tí onílé fẹ́ lé sínú òtútù.
Mo bi í léèrè: èló lọ́dún?
Ó fa dúrọ́ọ̀ ṣí. Búrẹ́dì ni,
obìnrin kan ló yan án, aṣọ ìnuwọ́ ló fi wé e.

Àlàfo wà nínú ìjábọ̀ wa fún owó ọdọọdún.
Mo kọ "búrẹ́dì" sí i.
Bohdan ní ká ṣírò rẹ̀ sí dọ́là.
Delphine ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.
Rowena lajú, ó ní, irú búrẹ́dì wo?
Wọ́n ti ń pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Ó ku ojú ìwé mọ́kàndínlógún.