Ìpín Wàrà

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó ń pín lẹ́tà kò sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.
Ó na apá kọjá ọgbà, ó ní, "Idwal, ti ìjọba ni,"
ó sì wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ kíákíá
bí ẹni tó ju ẹ̀ṣẹ́ná sórí òrùlé.

Bàbá mi lè ka Sáàmù ní èdè Welsh láìwo ojú ìwé,
ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ìjọba a máa yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹja odò.
Èmi ni mo kà á fún un, ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
lórí tábìlì tí bọ́tà àná ṣì wà.
Mo ka iye lítà tí a fún lọ́dún tó kọjá.
Mo ka iye tí wọ́n gbà wá láyè láti fún lọ́dún yìí.
Mo ka owó ìtanràn tó wà lórí lítà kan tó bá lé.
Mererid, màmá mi, ń fọ garawa; ó dáwọ́ dúró.
Omi ẹ̀rọ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Ìpín ni wọ́n pè é?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Mo rò pé Ọlọ́run ló ń pín ìpín.
N kò mọ̀ pé ó ti gbé iṣẹ́ náà fún akọ̀wé."

N kò ní purọ́. Ìgbìmọ̀ wàrà ló yọ wá nígbà kan.
Kí wọ́n tó dé, bàbá bàbá mi a máa gbé agolo wàrà lọ sí ibùdó rélùwéè,
oníṣòwò á gbóòórùn rẹ̀, á ní ó ti ń kan,
á dárúkọ iye tó wù ú.
Ta ni yóò ru wàrà padà gun òkè?
Wàrà kì í ṣe ọkà tí a ń kó sínú àká de ọjà tó dára.
Ìgbìmọ̀ ló ní iye kan náà ni fún ẹni ọgọ́rùn-ún màlúù àti ẹni mẹ́wàá.
Sọ̀wédowó wọn ló ra bàtà tí mo wọ̀ lọ sílé ìwé.
Bí mo bá fẹ́ bú wọn, ẹsẹ̀ mi á máa wò mí.

Nísinsìnyí, wọ́n ní wàrà pọ̀ jù.
Wọ́n ní bọ́tà ti di òkè nínú ilé yìnyín níbì kan,
òkè tí àgùntàn kan kò jẹko lórí rẹ̀ rí.

Ó dára. Ta ni yóò sọ fún Seren?
Ta ni yóò sọ fún Penwen, ẹlẹ́nu funfun, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí?
Ọmú kò ka ìwé.
Òjò rọ̀, koríko hù; koríko hù, ọmú wú;
ọmú wú tí a kò fún un, màlúù á ké dójúmọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ọdún wàrà parí, ìpín wa tán.
Bàbá mi ṣí ẹnu táǹkì.
Ilẹ̀ pápá mu, ó mu, ó yó, ó sì dá a padà.
Àwọn ológbò sá wá, wọ́n sì dúró,
ó pọ̀ ju ohun tí ológbò lè gbà gbọ́ lọ.
Wọ́n máa ń ní omi ló dànù, agbè ò fọ́.
Agbè ò fọ́ lóòótọ́. Wọ́n ní kí a má pọn mọ́ ni.

Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni Hesketh wá wo ìwé ìṣirò,
ẹ̀wù òjò rẹ̀ ń kán sílẹ̀, ó dàbí ẹni tí kò sùn.
Màmá mi gbé tíì fún un, ó dúdú bí kòtò.
Ọkùnrin náà wo ife, ó wo ojú rẹ̀.
"Ẹ má bínú," ni màmá mi wí. "A ti lo ìpín wa tán."

Ó mu ún. Ó mu ún tán, láì fajú ro.
Lẹ́yìn náà ó kọ nǹkan sílẹ̀,
n kò sì rí i kà.