Àwọn Ibùdó Tí Ọkọ̀ Kì Í Yà Mọ́

Nínú àpótí pákó tí ikán ti jẹ létí
mo bá irin kékeré tí bàbá mi àgbà fi ń lu tíkẹ́ẹ̀tì.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Ó ṣì ń dún: kẹ́.

Jìnádù Alùhò ni gbogbo Èpé mọ̀ ọ́n sí.
Láti Ẹ̀bútè Afúyẹ́ títí dé Ẹ̀bútè Ẹ̀rọ
ibùdó mẹ́rin ló wà láàárín,
a sì máa kà wọ́n lójú oorun:
Èjìnrìn, Àgbòwà, Báiyékù, Ìpakòdó…
Ibẹ̀ ni yóò ti dákẹ́.
Èkó kò nílò ẹni tí yóò pe orúkọ rẹ̀.

Èjìnrìn ló pariwo jù.
Lọ́jọ́ ọjà, kí ọkọ̀ tó fọn fèrè lẹ́ẹ̀kejì,
àpò èkùrọ́ ti ga ju èèyàn lọ,
ewúrẹ́ ń san ìdajì owó ọmọ ènìyàn,
àwọn Ìjẹ̀bú tó rẹrù sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ń bú akọ̀wé,
akọ̀wé ń bú òjò.
Níbẹ̀ ló ti lu tíkẹ́ẹ̀tì fún Mọ́ríámọ̀,
tó ń lọ sí Báiyékù, sílé ọkọ tí wọ́n yàn fún un.
Ihò kan: àlọ nìkan.
Ihò méjì: àlọ àtàbọ̀.
Ó lu méjì. Ó ní ọwọ́ òun ló ṣì í.
Ìyá mi àgbà nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà ọ̀dà dé, kò tilẹ̀ pariwo.
Lọ́rì kan. Lọ́rì mẹ́wàá.
Ọkọ̀ wá ń gúnlẹ̀ sí Àgbòwà pẹ̀lú èrò mẹ́ta
àti adìyẹ kan.
Lọ́jọ́ kan ni ìwé dé láti ọ́fíìsì:
kí wọ́n má fọn fèrè ní Èjìnrìn mọ́, epo ti gbówó lórí.
Bàbá ká ìwé náà sẹ́nu fìlà.
Ó ní ìlú tí a kò bá fọn fèrè fún,
omi á gbàgbé ojú rẹ̀.

Mo lọ wò ó lánàá.
Òpó mẹ́ta ló kù, ojú oró ti gbé ẹ̀kẹrin mì.
Ewé ejìnrìn gan-an ló fà gun àtẹ̀gùn,
bí ìlú tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ kó má baà sọnù.
Apẹja kan da àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀:
"Ọkọ̀ wo lẹ ń dúró dè, ìyáàfin?"
N kò rí èsì fún un.

Mo já ewé kan,
mo fi irin náà lù ú: kẹ́.
Mo wo omi títí.
Mo tún un lù.