Oorun Ńkọ́?

Ogún ọdún ni mo fi gé ìrèké ní Sábẹ̀.
Òórùn ilé-iṣẹ́ ṣúgà a lẹ̀ mọ́ mi láṣọ,
ìyàwó mi a ní mò ń ta sánsán.
Ìta ara mi ni ṣúgà ń gbé nígbà náà.

Báyìí, kí àkùkọ tó kọ, mo ti gún ìka.
Ẹ̀rọ kékeré ní: méjì àbọ̀.
Mo dojú rẹ̀ dé bí ìwé gbèsè.

Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí jù, Ṣàbí.
Èyí tó ń dùn mí kò ní ojú egbò
tí nọ́ọ̀sì lè fi báńdéèjì dì.
Iṣu tuntun dé, n ò yọjú sí wọn;
mo kàn ń jókòó, mò ń wo òkè
títí òkè fi sú mi.

Ṣàbí ò ní kí n mọ́kàn le.
Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àpáta,
kò bèèrè iye.
Ó ní, "Oorun ńkọ́?"

Mo ní kò sí. Mo tún un sọ.
Omijé wá dé,
iyọ̀ lásán.

A rìn dé ojú irin rélùwéè, a padà.
Ó ní lọ́la a ó kọjá ibẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́: méjì àbọ̀ náà ni.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé dókítà,
mo sì ń wá bàtà mi kejì.