Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Ọmọdé kan ló sáré bá mi ní Tákíé,
ó gbé bàtà dání, ó ń pè: "Mà, ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́!"
Mo wolẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì mi wà lórí ọ̀dà gbígbóná,
n kò sì mọ̀.

Mo wá àwáwí: bàtà ti gbó, ara ń dàgbà.
Bẹ́ẹ̀ ni mo wí nígbà tí bọ́tìnnì ń sá fún ìka mi,
bẹ́ẹ̀ ni mo wí lọ́jọ́ tí mo dijú nítorí ọṣẹ,
tí ilẹ̀ balùwẹ̀ yí, tí mo forí gbá ògiri.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dúró ti Dókítà Oyèérìndé,
tí mò ń ṣí ẹnu sílíńdà,
tí mò ń fi ìbòmú bo imú ọmọ tó ń ké.
Imú ọmọdé kéré, ìbòmú tóbi;
èyí tó bá ṣẹ́kù, tiwa ni.
A ti fèrèsé pa nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀, nítorí ọyẹ́.
Afẹ́fẹ́ ẹ̀rín là ń pè é. Ó dùn díẹ̀ lọ́fun.
Ọmọ á rẹ́rìn-ín, eyín á bọ́, ìyá á dúpẹ́.
Èmi náà a máa rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án, láìnídìí,
mo ṣe bí inú dídùn ni.

Ta ló ń ka èémí tó mí?

Dókítà oníṣan ní kí n tẹ orí ba:
mànàmáná sáré láti ọrùn mi dé ìdí.
Ó bi mí nípa oúnjẹ. Mo ní mò ń jẹ ẹran, mò ń jẹ ẹyin.
Ó bi mí nípa iṣẹ́,
ó wá dákẹ́ bí ẹni tó rí ilẹ̀kùn tí a kò tì.
Ó ní gáàsì yẹn a máa ba fítámì kan jẹ́,
èyí tí ara fi ń wọ iṣan láṣọ, bíi rọ́bà ara wáyà.
Wáyà mi ti ṣí síta.
Abẹ́rẹ́ rẹ̀ pupa bíi sóbò. Wọ́n ti gún mẹ́sàn-án.

Mo bi Oyèérìndé pé: "Àwa mélòó la jọ ń mí i?"
Ó wo ìka ara rẹ̀. Kò fèsì.
Lọ́jọ́ kejì mo bá fèrèsé ní ṣíṣí,
eruku Ògbómọ̀ṣọ́ lórí tábìlì,
òórùn kajú tó ń rà lẹ́yìnkùlé.

Lálẹ́, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
mò ń fi òkúta wẹ́wẹ́ gún àtẹ́lẹsẹ̀ mi,
èmi tí mo ti ń gba ìrora lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ,
mò ń wá tèmi.
Ní ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín, ó jọ pé nǹkan kan mira.
Mo tún un gún.
Ó dùn mí.
Ó dùn.