Ó Ń Yí Lórí Àpáta

Orí àpáta Ògìdì nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbé,
ibẹ̀ la gbé àpótí ìjókòó Ìyá Ọlọ́runnípa lọ.
Ímeèlì ọmọ rẹ̀ ti wọlé láti Kánádà,
fídíò ìṣẹ́jú méjì péré.

Mo tẹ̀ ẹ́.
Òbìrí kékeré kan ń yí,
ó ń yí bí ìrànwú,
òwú ò jáde.
"Ṣé inú ibẹ̀ ló wà?"
"Ó ń bọ̀, Màmá."
Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀,
oòrùn ti ń rọ̀ sẹ́yìn òkè.

Ojú ọmọ yọ lójijì.
Ó ti hu irùngbọ̀n! Yìnyín ń bọ́ lójú fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀.
"Òkun o, Yè—"
ó dúró,
ẹnu là sílẹ̀, ojú dì ní ìdajì.

Mo fẹ́ gbọn fóònù, ó di ọwọ́ mi mú.
"Jẹ́ ó sinmi. Ọ̀nà jìn."
Ó fi etí ìró nu eruku ojú gíláàsì,
ó sì dá a lóhùn:
"Òkun, ọmọ mi.
Ṣé o ti jẹun?"

Bátìrì ń lọ.
Ó ní ká fi èyí tó kù sílẹ̀ di àárọ̀,
bí a ti í fi ẹran sílẹ̀ nídìí ìkòkò.