Aago Ọwọ́ Ẹ̀ṣọ́

Tiwalọlá ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
kì í wo fíìmù bí ẹni tó ń ṣeré.
Ó ní ìwé kan, ó ní pẹ́ńsùlù tó ti gé ìdí rẹ̀ jẹ,
ó sì ń ṣọ́ àwọn onífíìmù
bí ìgbà tí èsúsú bá ń ṣọ́ akápò.

Lálẹ́ Sátidé, ní pálọ̀ wa ní Mọ́lété,
a fi fíìmù àtijọ́ kan sí i,
èyí tí wọ́n yà lórí Òkè-Àrẹ àti létí odò Ọnà
nígbà tí èmi gan-an ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ:
ọmọ ọba kan, ẹyẹ kan tó ń sọ̀rọ̀,
ìlú kan lábẹ́ omi tí ẹsẹ̀ ènìyàn ò tẹ̀ rí.

"Màmá, ẹ dá a dúró!"
Ọmọ ọba wọ odò láìwọ bàtà;
ó gòkè odò, sálúbàtà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀.
Àpá ojú ajagun wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún,
ó yíjú, ó tún yíjú, àpá ti kó lọ sí òsì
bí ayálégbé tí onílé lé.
Òṣùpá kún fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò jó rẹ̀yìn.
Òwìwí ń ṣa àgbàdo jẹ.
"Òwìwí kì í jẹ àgbàdo, Màmá, eku ló ń jẹ!"
Ìlú abẹ́ omi náà ńkọ́?
Páànù rẹ̀ ti dípẹtà,
Kòkó Háòsì sì yọrí lẹ́yìn igi
bí àlejò tó wá wòran.
"Irọ́ wọn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀," ni Tiwalọlá wí.
Ẹ̀rín pa mí, mo fẹ́ẹ̀ da tíì sára.

Lẹ́yìn náà ni ẹnubodè ààfin dé.
Ẹ̀ṣọ́ kan dúró tòun ti ọ̀kọ̀,
ọkùnrin kúkúrú, àbàjà lẹ́rẹ̀kẹ́.
"Màmá, aago! Ẹ̀ṣọ́ ayé ọjọ́un de aago mọ́wọ́!"
Ó kọ ọ́, ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.
Ọmọ ọba wọlé, ó kí ọba, ó jáde.
Ẹ̀ṣọ́ ti di ọkùnrin gíga kan, ojú rẹ̀ dán, kò nílà,
aṣọ kan náà ni, àmọ́ apá aṣọ ò dé ọrùn ọwọ́.
"Ẹni méjì nínú aṣọ kan! Wọ́n rò pé a ò ní rí i!"

N ò rẹ́rìn-ín mọ́.
Mo ní, ẹni àkọ́kọ́ yẹn, bàbá mi ni.
Làsísì, káfíńtà tó kan ilẹ̀kùn ààfin náà,
tí wọ́n ní kó kúkú wọṣọ kó dúró tì í,
torí ẹni tí wọ́n háyà ò wá.
Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní bọ́ aago;
aago méjì ni wọ́n ń jáde nílé ẹ̀kọ́ wa l'Ókè-Àdó,
ọmọ òun a sì máa sunkún
bó bá ku òun nìkan ní géètì.

Òjò dé, wọ́n kó ẹ̀rọ nílẹ̀, wọ́n ní ó di Mọ́ńdè.
Mọ́ńdè, bàbá mi wà l'ọ́sibítù Adéọ̀yọ́.
Ọjọ́bọ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́.
Owó ti tán lọ́wọ́ onífíìmù,
wọ́n wọ aṣọ náà fún Sùbérù, ọmọṣẹ́ rẹ̀.
Wọ́n ní ta ni yóò wo ẹ̀ṣọ́?

Tiwalọlá wo ìwé rẹ̀. Ó mú rọ́bà.
"Ṣé kí n pa á rẹ́?"
Mo ní rárá o. Àṣìṣe ni. Jẹ́ kó wà níbẹ̀.
Fọ́tò rẹ̀ tó kù sílé, ẹyọ méjì ni,
kò sì sí èyí tó ti ń mí.

Ó dá fíìmù padà sẹ́yìn, ó dá a dúró,
ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan dígí.
"Aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú."
Ẹ̀ṣọ́ náà ò tiẹ̀ wo ọmọ ọba.
Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò.
Ó ku ogún ìṣẹ́jú.