Ìwé Tí Ìkán Jẹ Ìparí Rẹ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn oṣù la máa ń pàdé ní Kábbà,
lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Dúrósinmí tó ń tún rédíò ṣe,
àwa mẹ́rin tí a ń kọ ìtàn ìfẹ́,
tí ẹnikẹ́ni nílé wa kì í bi wá pé kí la kọ.
Tírélà sìmẹ́ǹtì bá kọjá, tábìlì a gbọ̀n,
tíì a dà sórí ìfẹnukonu ẹlòmíì.

"Okun o," la fi ń kí ara wa. "Okun."
Lẹ́yìn náà, kálukú a tú àpò.

Arókoyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń rí.
Ó ti wo fíìmù kan lórí fóònù, lábẹ́ katakata tó ń tún ṣe:
ọkùnrin kan fi odindi wákàtí méjì
wá owó ọkọ̀ tí yóò fi lọ bẹ obìnrin.
"Wọn ò fọwọ́ kan ara wọn rárá!
Ó kàn bá a di agbòjò mú ni."
Epo dúdú wà ní èékánná rẹ̀, omi wà lójú rẹ̀.
Ó ní òun yóò fa ojú ewé mẹ́ta ya nínú ìtàn tòun,
níbi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù lẹ́nu ọkọ ìyàwó.

Ṣẹ́gilọlá rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ lòun ń fẹ́ ní tòun.
Lẹ́tà gígùn tó kún fún àṣìkọ, tí wọ́n rì sínú gààrí ránṣẹ́;
obìnrin tí yóò ní "n ò gbà,"
tí yóò sì tún padà wá bi í pé ṣó ti jẹun.
Nọ́ọ̀sì ni, ní Ẹ̀gbẹ̀. Ẹ̀yìn káàdì àwọn aláìsàn
ló ń kọ ìtàn sí lóru,
títí dókítà fi yí ọ̀kan padà, tó ka, tó ka,
tó bèèrè níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù:
"Ta wá ni Fọláràn, kí ló dé tí kò wá sí ibùdókọ̀?"

Èmi? Mo ń ka ohunkóhun.
Mo ka ìtàn kan lára bébà tí wọ́n fi di ẹ̀pà fún mi,
mo sáré padà lọ ra ẹ̀pà sí i, kí n lè mọ̀ bóyá ó fẹ́ ẹ.
Ẹlẹ́pà ti ya ìwé mìíràn. Ìṣirò.

Ṣùgbọ́n Tíṣà Ìbíwùmí,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó fi òwú so awò mọ́ etí,
ìwé kan ṣoṣo ló ń kà láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́.
Ìkán jẹ ojú ewé mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn
lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú.
Láti ìgbà náà ló ti ń kọ ìparí fúnra rẹ̀:
ọmọbìnrin náà wọ ọkọ̀ ojú irin; kò wọ̀ ọ́;
ó fẹ́ akọ̀wé; ó gbin kọfí, kò fẹ́ ẹnikẹ́ni;
ó di arúgbó, ọkùnrin náà wá kan ilẹ̀kùn,
ó ní kó nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé.
Ìparí mọ́kàndínlógójì.

Mo ṣe bí oore ni mo ṣe
nígbà tí mo rí odindi rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja,
lábẹ́ òkìtì Bíbélì àlòkù.
Mo fi ìwé ìròyìn wé e. Mo gbé e lé e lọ́wọ́.

Ó tú u. Kò sọ̀rọ̀.
Tírélà kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e.
Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ìwé náà
bí ẹni tó ń wò bóyá máńgòrò ti rọ̀.
"Ó tín-ín-rín," ló wí. "Mo rò pé yóò nípọn jù báyìí."

Arókoyọ̀ ní kó kà á sókè.
Ṣẹ́gilọlá ní kó má dán an wò.
Wọ́n ń jà á lọ, Màmá bọ́ awò, ó nù ún.
"Ẹ yá mi ní bírò. Ó ku ọ̀kan kó pé ogójì.
Lánàá tí mo ń ṣa kajú, mo gbọ́ tí ọmọ yẹn ń sọ nǹkan."
Ó gbé ife tíì lé orí odindi ìwé náà,
ó tẹ̀ba, ó ń kọ.

Mo ti ka ìparí yẹn nínú mọ́tò,
láti Ọbajànà títí dé Kábbà.
Èyí tí wọ́n ti ní kó nu ẹsẹ̀ yẹn dára jù ú lọ.
N ò sọ.